Àyà tí wọ́n ti là rí



Àpá gígùn kan wà láàárín àyà àbúrò mi. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní fáàfù tí wọ́n fi sí i lọ́kàn nígbà tó wà ní kékeré ti ń gbó, pé wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Nílé wa ní Igbotako, màmá àgbà ní: "Ibi tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti rán, ṣé ó tún ṣeé là ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ni mo bá lọ kàwé.

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí gan-an ni Herbert Milton, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Cairo, ti kọ̀wé ní 1897 nípa bí wọ́n ṣe ń la egungun àyà sí méjì. Ọ̀rọ̀ náà sùn títí di 1957, kí Ormand Julian ní Chicago tó jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn gbà á. Ní 1974 ó dé Enugu, ní UNTH: Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti ikọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. (Ọmọ Íjíbítì ni Yacoub fúnra rẹ̀ o!)

Àmọ́ lílà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀tọ̀ ni. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná, ọkàn lè ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn egungun. Ayùn tó ń gba abẹ́ egungun kọjá wọ́ọ́rọ́ nígbà àkọ́kọ́ lè ya ọkàn báyìí, kí ẹ̀jẹ̀ sì bo gbogbo ibẹ̀.

Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ ya CT scan, kí wọ́n mọ bí àlàfo ṣe tó. Wọ́n á ti wá iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìdí itan sílẹ̀, bóyá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn máa gba ibẹ̀ wọlé ní pàjáwìrì. Ayùn tó ń gbọ̀n, irú èyí tí wọ́n fi ń gé POP, ni wọ́n ń lò, torí kì í tètè gé ohun tó rọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti wáyà tí wọ́n fi so egungun nígbà àkọ́kọ́. Wọn kì í fà á yọ kíá. Wọ́n á gé iwájú rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, kí ayùn lè kọ́kọ́ kan òun kó tó kan ọkàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa tú ohun tó lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò ní fi irin ya àyà sọ́tọ̀ títí ọkàn á fi kúrò lára egungun.

Púpurú ni màmá àgbà ń họ nígbà tí mo ń ṣàlàyé, ó ń fi ọ̀bẹ yọ èèpo dúdú rẹ̀ kó má baà kan funfun inú. Ó ní ṣé ẹ̀jẹ̀ á wà. Mo ní ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ayùn tó kan egungun.

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹbí. A ti rí ẹni mẹ́ta.