Ẹni Tó Mọ Bí Màmá Ṣe Rí Tẹ́lẹ̀

Tí ẹnìkan bá ní "ẹ gbé e lọ Àró", ẹ̀rín la máa ń rín. Bẹ́ẹ̀ ìtàn Àró kọjá àwàdà.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, di ọ̀gá ọsibítù náà. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Òfin kan wà ṣá: ẹbí aláìsàn kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó sì máa mú un wá sọ́dọ̀ dókítà.

Lámbò ò fi mọ sí ìtọ́jú. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá láti ṣèwádìí ìlera ọpọlọ. Ìwé wọn jáde ní 1963.

Àwọn arúgbó tí iyè wọn ń rà ńkọ́? Ìbàdàn la ti rí ìdáhùn. Láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Olúṣẹ́gun Baiyewu tó jẹ́ dókítà ọpọlọ àwọn àgbà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis lọ́hùn-ún jọ dáwọ́ lé e. Báwo lẹ ṣe máa dán iyè ìyá tí kò mọ̀wé rí wò? Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n: tí ìdánwò ò bá bá ẹni tí wọ́n ń dán wò mu, ìdánwò ọ̀hún ló kùnà. Ni wọ́n bá lo èyí tó ní apá méjì: wọ́n á bi àgbà léèrè, wọ́n á tún bi ẹbí rẹ̀ bóyá ó ṣì ń ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ lé àgbà 2,459 n'Íbàdàn àti aláwọ̀ dúdú 2,147 ní Indianapolis, tí wọ́n ti tó ẹni ọdún 65 sókè, tí iyè wọn ò tíì rà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: lọ́dọọdún, iyè ń rà fún ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún n'Íbàdàn. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ó fi hàn pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń fà á. Kì í sì í ṣe àjẹ́, bí àwọn kan ṣe máa ń pe ìyá arúgbó tó bá ṣìnà ilé.

Ṣé ẹ rí i? Ẹbí tó ń dáná l'Áró, òun náà ni ẹlẹ́rìí n'Íbàdàn. Lónìí, ọ̀pọ̀ wa wà l'Ékòó tàbí lókè òkun. Màmá á ní "mo wà dáadáa" lórí fóònù, a ó sì gbà. Tí dókítà bá wá béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ta ló máa dáhùn?