Àwọn Operator Ìkẹjà àti Owó Adebo

Ẹ̀yin tí mo kọ́ rí ò yéé bi mí léèrè: kí ló dé tí òṣìṣẹ́ Ìkẹjà fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1971, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n fi kún owó wọn ni? Ìbéèrè gidi ni. Ìdí ẹ̀rọ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi.

Kí òmìnira tó dé ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. (Ẹ má gbàgbé pé 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀.) Àwọn ọmọ tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 kọ́ yanjú ìwé mẹ́fà, wọn ò fẹ́ padà sóko mọ́, wọ́n ya lọ síbẹ̀.

Nílé iṣẹ́ aṣọ, ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Òwú já, ẹ̀rọ dúró, kó sáré so ó, kó tún kọjú sí òmíràn. Ariwo ò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, eruku òwú ń wọ̀ ọ́ nímú. Ẹni tó ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn lè dìde lọ kí àlejò rẹ̀. Operator ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ná. Lóru ńkọ́? Ẹ̀rọ kì í sùn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní in lọ́kàn láti darúgbó síbẹ̀. Adrian Peace, tó ṣèwádìí láàárín wọn ní Agége, rí i pé ohun tí wọ́n ń lé ni kí wọ́n tọ́jú owó, kí wọ́n dá iṣẹ́ tara wọn sílẹ̀. Lójú tèmi, kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn: bí owó oṣù ò bá tó jẹun, ọjọ́ tí wọn máa kúrò nídìí ẹ̀rọ ń jìnnà sí i.

Ogun abẹ́lé parí ní 1970, ọjà ti wọ́n gógó. Ìgbìmọ̀ Simeon Adebo dámọ̀ràn owó ìrànwọ́ fún ọ̀wọ́n ọjà, ìjọba sì gbà á. Àmọ́ wọ́n fi àyè kan sílẹ̀: ilé iṣẹ́ tó bá ti fi kún owó òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1964 lè yọ ara rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní àwọn ti san tiwọn. Ni ẹ̀rọ bá dákẹ́ láti ilé iṣẹ́ kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ òfin ológun ti 1969 ti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ san án.

Àwọn ará Agége ò bú wọn. Ìyá olóúnjẹ tó ń tà láwìn, onílé tó ń retí owó ilé, télọ̀ tó ti rán aṣọ tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀, ọwọ́ operator ni gbogbo wọn ń wò.