Yọ̀rọ̀, Eérú àti Oògùn Kòkó: Ọ̀sìn Adìẹ ní Àwọn Abà Ẹ̀bá Ìbàdàn

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀: yọ̀rọ̀, kòkòrò wínníwínní tí ń yọ adìẹ lẹ́nu. Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan náà pe yọ̀rọ̀ ti adìẹ, eégbọn ti ajá, iná ti orí ènìyàn àti ìdun ti ibùsùn. Bí a bá wo ìpínyà yìí dáadáa, a ó rí i pé wọ́n ti kíyè sí ibi tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan fi ṣe ilé. Èrò tèmi ni pé àkíyèsí yìí gan-an ni a sọ nù.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti fi yé wa pé kòkòrò ara adìẹ ju ẹ̀yà kan lọ. Èyí tí Linnaeus sọ lórúkọ ní 1758, tí a mọ̀ sí Menopon gallinae, kì í kúrò lára adìẹ tọ̀sán tòru; ìyẹ́ àti èépá awọ ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí De Geer kọ nípa rẹ̀ ní 1778, Dermanyssus gallinae, inú pàlàpálá igi àgò ni ó ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án; òru ni ó ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Bí ooru bá mú, bí ọjọ́ méje péré ni ó fi ń ti inú ẹyin di àgbà. Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìran mẹ́ta lè jáde lábẹ́ ìyá adìẹ kan kí ọmọ rẹ̀ tó pa. Abájọ tí òmíràn fi ń sá kúrò lórí ẹyin.

Ní Lálúpọn, Mọ́níyà, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán, àwọn ìyá wa a máa da eérú ìdí ààrò sínú ìtẹ́ kí adìẹ tó jókòó. Wọn a gbé àgò sínú oòrùn, wọn a fi èéfín sí i, èyí tó bá ti gbó wọn a dáná sun ún. Eérú a máa ba epo tó bo ara kòkòrò jẹ́, omi ara rẹ̀ a sì gbẹ. Adìẹ fúnra rẹ̀ mọ irú ọgbọ́n yìí, nítorí erùpẹ̀ gbígbẹ ni ó fi ń wẹ̀. (Nínú ìtàn ìwásẹ̀, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan ilẹ̀ ní Ifẹ̀, ó máa ń wù mí láti rò pé ó ń tọ́jú ara rẹ̀ náà nígbà yẹn.)

Kòkó ni ó yí nǹkan padà. Láti àwọn ọdún 1950 ni Gammalin 20 ti wọ oko kòkó wa, láti pa kòkòrò tí ń mu omi ara èso àti ẹ̀ka rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú agolo a bá àgbẹ̀ délé. Ní èwe mi, mo rí i tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sí adìẹ lára ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọ̀tá rẹ̀ wà nínú igi. Lindane tí wọ́n fi ṣe oògùn náà kì í tètè kúrò nínú ọ̀rá. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wọ ẹyin tí àwọn ọmọ ń jẹ. Ní 2009 ni Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ pa tì nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, DDVP gba ipò, títí NAFDAC fi gbógun ti ìgò kéékèèké rẹ̀ ní 2019. Ọ̀tapíápíá ṣì ń bẹ lọ́jà.

N kò sọ pé eérú tó fún ohun gbogbo. Àwọn oníṣègùn ẹranko ní oògùn tí a ṣe fún adìẹ gan-an. Síbẹ̀ kò sí oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ tí a kò bá tún àgò ṣe.

Mo bi ìyá àgbà kan ní Mọ́níyà ìdí tí kò fi lo eérú mọ́. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, gáàsì ni mo fi ń dáná. Níbo ni n ó ti rí eérú?" Ní àwọn abà Ọ̀nà-Àrà tí wọ́n ṣì ń dá iná igi, mo ṣì ń rí i nínú ìtẹ́.