Àpọ̀jù nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì: “Too” àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré kan, “too”, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ sísọ pé nǹkan ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Iwájú ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló máa ń wà: “too hot”, “too small”, “too expensive”. Ó ní àwọn ẹgbẹ́, bí “excessively”, “overly” àti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “over-”, ṣùgbọ́n nílé ìdáná, lọ́jà àti lórí fóònù, “too” ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé “too” kàn lágbára ju “very” lọ ni. Iṣẹ́ wọn kò jọra. Ẹni tó bá ní “The tea is very hot” ń sọ bí tíì náà ṣe gbóná tó. Ó lè jẹ́ pé bó ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ní “The tea is too hot” ti fa ìlà kan, ó sì ń sọ pé tíì ti kọjá ìlà náà. Ìlà ọ̀hún kì í sábà hàn nínú gbólóhùn, olùgbọ́ ló máa wá a. Ìtàn béárì mẹ́ta tí Robert Southey tẹ̀ jáde lọ́dún 1837 fi èyí hàn kedere. Ìyá arúgbó inú ìtàn náà tọ́ oúnjẹ wò nínú àwo mẹ́ta: ti àkọ́kọ́ gbóná jù, ti èkejì tutù jù, ti ẹ̀kẹta ló bá a lẹ́nu mu. Ẹnu tirẹ̀ ni ìlà náà, kì í ṣe ti àwọn béárì tó ni oúnjẹ.

“Too” àti “to” bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà lè tọ́ka sí ibi tí nǹkan ń lọ, ó lè túmọ̀ sí “pẹ̀lú”, ó sì lè sọ àpọ̀jù. Ìgbà tó yá ni wọ́n fi “o” kejì yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìkọ̀wé, àwọn òyìnbó fúnra wọn sì ṣì ń ṣì wọ́n kọ títí dòní.

Bí a bá fẹ́ kí ìlà náà hàn, “for” tàbí “to” la máa ń fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àpèjúwe: “too big for her”, “too tired to cook”. Gbólóhùn kejì yìí ní ẹ̀tàn díẹ̀. Kò sí “not” nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó ń sọ ni pé iná kò ní jó lábẹ́ ìkòkò lálẹ́ náà. “Too” ti gbé ìyísódì pamọ́ sínú ara rẹ̀. Tí a bá fi “so” rọ́pò rẹ̀, ìyísódì náà á jáde síta: “so tired that I can't cook”. Ibẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀, nítorí “The box is so heavy that I can't lift it” nílò “it” ní ìparí, nígbà tí “The box is too heavy to lift” kò fẹ́ ẹ rárá.

Àìsí ọ̀rọ̀ ìparí yìí ti fún àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè níṣẹ́ ṣe. Ẹ fi “Dele is too angry to talk to” wé “Dele is too angry to talk to them”. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn ẹlòmíràn ni kò lè bá Délé sọ̀rọ̀. Nínú ti èkejì, Délé ni kò fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Noam Chomsky jíròrò irú gbólóhùn báyìí nínú ìwé rẹ̀ Knowledge of Language, tó jáde lọ́dún 1986. Kò sẹ́ni tó ń jókòó ti ọmọdé kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ yìí, síbẹ̀ ọmọ onílé èdè mọ̀ ọ́n. Chomsky fi irú rẹ̀ gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé a bí apá kan ìmọ̀ èdè mọ́ ènìyàn.

Tí “no” bá tún ṣáájú, ọ̀rọ̀ á wá dà rú. Lọ́dún 1979, Peter Wason àti Shuli Reich tẹ ìwádìí jáde lórí bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo “No wound is too small to ignore”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbọ́ ọ pé bó ti wù kí ọgbẹ́ kéré tó, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹ rọra kà á. “No wound is too small to treat” ní kí a tọ́jú gbogbo ọgbẹ́, àti èyí tó kéré jù lọ pàápàá. Nígbà tí “ignore” bá wá gba ipò “treat”, gbogbo ọgbẹ́ kan náà ni gbólóhùn ní kí a gbójú fò! Olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a kì í fi ọgbẹ́ sílẹ̀ láìtọ́jú, ìmọ̀ yẹn ló sì ń bá a tún gbólóhùn náà ṣe láìfura.

“Too” tún máa ń yí ètò ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n ń sọ “a big house”, ṣùgbọ́n tí “too” bá dé, ọ̀rọ̀ àpèjúwe á fo “a” kọjá: “too big a house”. Èyí kò ṣeé lò fún ohun tó ju ẹyọ kan lọ. “Houses that are too big” ni wọn á sọ. Inú ìwé ni irú “too big a house” pọ̀ sí ju ẹnu lọ, n kò sì ní bá akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yẹra fún un wí. Láti fi kún àpọ̀jù, “much”, “far” tàbí “way” ló ń ṣáájú, bíi “far too loud”. “A bit” ń dín in kù. “Very too loud” kò sí. “Much too” ń bá ọ̀rọ̀ àpèjúwe rìn, “too much” ń bá ohun tí a kì í kà, bí iyọ̀, “too many” ń bá ohun tí a lè kà, bí ọkọ̀.

Lẹ́nu àwa ọmọ Nàìjíríà, “too” ti gba iṣẹ́ mìíràn. “The soup is too sweet” jẹ́ ìyìn lẹ́nu ẹni tó ń lá ìka. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó bá gbọ́ ọ á rò pé ṣúgà ló dà sínú ọbẹ̀. Orísun rẹ̀ kò jìnnà: “ó dùn jù” lè jẹ́ ẹ̀sùn ní Yorùbá, ó sì lè jẹ́ oríyìn. “You too much!” inú Pidgin náà, oríyìn ni. Olùkọ́ máa ń fi yíǹkì pupa fagi lé e, ṣùgbọ́n òyìnbó tí wọ́n fún lẹ́bùn náà a máa ní “You're too kind”, “only too happy to help” kò sì ní àròyé kankan nínú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀nba gbólóhùn ọ̀wọ̀ ni tiwọn mọ sí, àmọ́ tiwa lè wọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe èyíkéyìí. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, “very” ló yẹ. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun “too qualified for this job” ti bá ọ̀gá kọ ìdáhùn lẹ́tà náà.