Ipa, Geere àti Bèbè: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Finale Ligure jẹ́ ìlú etí òkun ní agbègbè Liguria, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí òkun níbẹ̀, òkè ni yóò máa wò: àwọn àpáta ẹfun tí àwọn agunpáta ti mọ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó dé, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan lókè tí wọ́n ń pè ní Le Manie, àti lẹ́yìn ìyẹn, àwọn òkè onígbó tó ga tó nǹkan bí 1,000 mítà. Àwọn ará Róòmù gba ibẹ̀ la ọ̀nà Via Julia Augusta ní ọdún 13 ṣáájú ìbí Kristi, afárá òkúta wọn sì wà ní àfonífojì Ponci di òní. Lẹ́yìn wọn ni ìbaaka, àwọn tó ń sun igi di èédú, àwọn agékùúta àti àwọn àgbẹ̀ ólífì fi ẹsẹ̀ la àìmọye ọ̀nà mìíràn. Àwọn ológun NATO náà ní ibùdó lórí òkè nígbà kan; nígbà tí wọ́n kúrò, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ a kó wọn àti kẹ̀kẹ́ wọn gòkè láàárọ̀, wọn a sì gba inú igbó sọ̀ kalẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ òórùn òkun.

Òkè Tamalpais ní Kalifóníà ni eré gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Ítálì pàápàá yá púpọ̀ nínú rẹ̀ láìtijú, ṣùgbọ́n wọn kò ju sentiero nù, èyí tí í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tàbí mulattiera, ọ̀nà ìbaaka. Ìlànà tó bójú mu fún Yorùbá náà nìyẹn: kí ó yá orúkọ ohun tí ilé iṣẹ́ rọ, kí ó má yá orúkọ ohun tí ilẹ̀ ti ní. Òkè, òkúta, kòtò àti ọ̀nà tóóró kì í ṣe àjèjì sí èdè tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ Olúmọ àti ní Ìdànrè.

Ti ilé iṣẹ́ kò gba àkókò. Táyà, búréèkì, gíà, pẹ́dà, fírémù: àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti parí ẹjọ́ yẹn tipẹ́. Ẹni tó bá taku pé ẹ̀wọ̀n ni òun yóò máa pe ṣéènì yóò kàn mú kí wọ́n bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀. Ọ̀kan péré ló yẹ kí ó dá ènìyàn dúró nínú wọn, ìyẹn irin onísípíríǹgì tàbí aláfẹ́fẹ́ tó ń gba ìlùkulù òkúta mọ́ra kí ó tó dé apá ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá gbójú lé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan yóò pè é ní “ìdádúró”. Ìdádúró ni wọ́n ń ṣe fún òṣìṣẹ́ tó kówó jẹ. Kẹ̀kẹ́ tó bá sì ní ìdádúró níwájú tó tún ní lẹ́yìn, a jẹ́ pé kò ní kúrò lójú kan láéláé. Ṣọ́ọ̀kì, bí mẹkáníìkì ọkọ̀ ṣe ń pè é, ti tó.

Orúkọ kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ti rìn jìnnà nínú èdè yìí. Ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò, ó sì wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀. Fún ti orí òkè, orúkọ mẹ́ta ló ń du ipò. “Kẹ̀kẹ́ òkè” kúrú, ó sì dùn lẹ́nu, àmọ́ òkè kì í ṣe ilẹ̀ gíga nìkan. Òkè ni apá ibi tó wà lókè nínú ohunkóhun, ará òkè sì ni ẹni tí ará ìlú ń fojú ará oko wò. Kẹ̀kẹ́ òkè lè jẹ́ èyí tí wọ́n gbé sórí àjà. “Kẹ̀kẹ́ agunkè” bá gírámà mu dáadáa, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa, nítorí ní Finale, ọkọ̀ ló sábà máa ń gun òkè, kẹ̀kẹ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀. “Kẹ̀kẹ́ orí òkè” ló sàn jù. Ó sọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó, kò sì búra pé ó ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a lọ ni gùn, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Yorùbá máa fi yangàn. Wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń gun igi, wọ́n ń gun ẹṣin, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́. Àtẹ̀gùn, ohun tí ènìyàn tẹ̀ kí ó lè gùn, kò jìnnà sí i. Èdè mìíràn nílò ọ̀rọ̀ méjì láti sọ pé ẹnìkan wà lórí kẹ̀kẹ́ tó sì ń lọ sókè. Gùn kan ṣoṣo ń ṣe méjèèjì. Òrìṣà náà a máa gun ènìyàn, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá fẹ́ sọ oníkẹ̀kẹ́ di “ẹlẹ́gùn” ti ṣì í, nítorí ẹlẹ́gùn ni ẹni tí wọ́n gùn, kì í ṣe ẹni tó ń gùn. Agunkẹ̀kẹ́ ni kó jẹ́.

Ohun tí agunkẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá wá ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Ọ̀nà fẹ̀ jù: márosẹ̀ ni, ọ̀nà oko ni, ọ̀nà ọ̀fun náà ni. Títì ti di ti ọ̀dà. “Ọ̀nà ẹlẹ́yọkan”, fún èyí tí kò gba ju kẹ̀kẹ́ kan lọ, dà bí orúkọ ohun tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ. “Ọ̀nà tóóró” péye, ṣùgbọ́n ìwàásù ti gbà á. Etí tó gbọ́ ọ ti ń retí ìyè àìnípẹ̀kun, nígbà tó jẹ́ pé ti Finale kò kọjá etíkun àti ife kọfí.

Ipa ni ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ipa ni ohun tí ohun tó kọjá fi sílẹ̀. Ọdẹ ń tọ ipa ẹran, láti inú rẹ̀ sì ni tọpa ti wá. Ibi tí odò ń gbà ni ipadò. Ojú ẹsẹ̀ ni ipasẹ̀. Bí odò bá ní ipadò, kò sí ohun tó ní kí kẹ̀kẹ́ má ní ipakẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ papọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan. Àtakò kan wà: ipa máa ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ṣe ipakẹ̀kẹ́ òde òní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti Finale jẹ́ ọ̀nà ìbaaka àti ti asun-èédú kí ó tó di ti kẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n sì fọwọ́ ṣe pàápàá, igbó á bò ó bí kẹ̀kẹ́ kò bá gbà á mọ́. Ìkọjá ló ń mú un wà. Àmì ohùn nìkan ni kí àwọn òǹkọ̀wé má ṣe ju sílẹ̀: ipá ni agbára, ìpá sì ni àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni tó ń jókòó lé kẹ̀kẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Oríṣi ipakẹ̀kẹ́ kan wà tó ń yí lọ wẹ́rẹ́ láìní pé kí ènìyàn fẹsẹ̀ wà á tàbí kí ó tẹ búréèkì. “Ìṣàn” tí àwọn kan lè fẹ́ pè é yóò ránni létí ẹ̀jẹ̀. Geere, tó ti wà nínú ológeere látọjọ́ pípẹ́, ni ìrísí ohun tó ń yí láìkọsẹ̀. Ipa geere, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wu ènìyàn láti so geere mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú ilẹ̀ tó dà sísàlẹ̀, tí Bíbélì Yorùbá lò fún Òkè Ólífì nínú Lúùkù orí 19. Ṣùgbọ́n fáwẹ́lì wọn yàtọ̀, ohùn wọn náà yàtọ̀, ìbátan tí etí nìkan gbọ́ kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí ipa bá ti ṣẹ́ kọ́ńdọ́ tó kọjú síbi tó ti ń bọ̀, èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní tornante, ìṣẹ́rí ni: ọ̀nà ṣẹ́rí padà. Níbi irú ìṣẹ́rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń mọ ilẹ̀ sókè ní ẹ̀gbẹ́ ìta kí táyà lè rí ibi fẹ̀yìn tì, kí eré má bàa dín. Àwọn kan yóò fẹ́ pè é ní ebè. Ebè ń dúró lójú kan, ó rí róbótó, iṣu ló sì wà nínú rẹ̀. Bèbè ni ó jẹ́: bèbè odò ń bá omi lọ, ó sì ń tẹ̀ níbi tí omi bá ti tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ yìí ṣe ń bá kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni tó bá ní bèbè ìdí ni òun kọ́kọ́ rántí kò jẹ̀bi. Ìyẹn náà tẹ̀.

Ibi tí òkúta ti kún ilẹ̀ ni pálapàla. Àwọn kan yóò ní ìwà ni pálapàla, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Aísáyà orí 40 lò ó fún, ìwà pálapàla sì ni ìwà tí kò tẹ́jú. Àtẹ̀gùn òkúta kò nílò àlàyé.

Ẹ́ńdúrò ni kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ìdíje tí wọ́n ń ka àkókò ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni, tí a kì í ka ti ìgòkè. Enduro World Series bẹ̀rẹ̀ ní Punta Ala ní 2013, ó sì parí ọdún náà ní Finale. “Ìfaradà” yóò sọ ọ́ di ìwàásù.

Ó ku àwọ̀ tí wọ́n fi ń sọ bí ipa ṣe le tó: ewé, búlúù, pupa, dúdú. Yorùbá àtijọ́ ní funfun, pupa àti dúdú, aró àti ewé sì lè wọ abẹ́ dúdú. Bí àgbàlagbà bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó gba ti dúdú, èyí tó rọrùn jù àti èyí tó lè ṣẹ́ ni lọ́rùn ti di ọ̀kan náà. Ẹgbẹ́ agunkè ilẹ̀ Ítálì ní ìwọ̀n mìíràn fún kẹ̀kẹ́ tó ń ka ọgbọ́n ẹni tó ń gùn: arìnrìn-àjò lásán, ẹni tó mọ̀ ọ́n níwọ̀nba, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹni tó já fáfá. Èyí rọrùn láti túmọ̀: ipa àlejò, ipa onímọ̀díẹ̀, ipa onímọ̀, ipa akọni. Níbi tí pátákó bá ti jẹ́ aláwọ̀, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ni kí wọ́n kọ ní kíkún, kí dúdú sì jẹ́ ti èyí tó le jù nìkan.