Ààlà Tó Gba Àárín Ìgbómìnà Kọjá

Láti Ìlá-Ọ̀ràngún dé Òmù-Àrán, Ìgbómìnà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ìwé ìjọba ka ọ̀kan mọ́ Gúúsù, ó ka èkejì mọ́ Àríwá. Kì í ṣe odò tàbí òkè ló pín wọn bẹ́ẹ̀. Ogun ni.

Láyé ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá, Ìlọrin ń ti òkè bọ̀, ó ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Ìgbómìnà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìbàdàn náà ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ìlá kò gbà fún Ìbàdàn: ó dara pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì jọ bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì.

Àdéhùn àlàáfíà ogun náà ní ọdún 1886 gbé ọ̀rọ̀ ààlà sórí ìwé. Ó ní Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ará ibẹ̀ tí kò bá fẹ́ lè kó kúrò. Ẹ wo irú yíyàn yẹn: kí èèyàn sin Ìbàdàn, tàbí kí ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀tan yẹn, Ọ̀tan Ayégbajú, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró lónìí, ó sì wà lára Ọ̀ṣun Ìgbómìnà.

Ní 1897, Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òyìnbó, ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí òyìnbó dá ìjọba Àríwá sílẹ̀ ní 1900, ibi tí ọwọ́ Ìlọrin dé ni wọ́n tẹ̀ lé. Bí Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìsánlú-Ìsin ṣe di ará Àríwá nìyẹn. Ìlá kù sí Gúúsù. Lugard, gómìnà òyìnbó, so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní 1914, ṣùgbọ́n ààlà náà kò kúrò níbẹ̀. Òtùn-Èkìtì, tí wọ́n kà mọ́ Àríwá bákan náà, rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní 1936. Ìgbómìnà kò rí i.

Ní 1967, Gowon, olórí ìjọba ológun, dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀. Ìlá bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ti Àríwá bọ́ sí èyí tó wá ń jẹ́ Kwara. Ìlá di ti Ọ̀yọ́ ní 1976, ó di ti Ọ̀ṣun ní 27 oṣù kẹjọ 1991. Orúkọ ń yí, ìlà ogun kò yẹ̀. Ẹkùn mẹ́fà tí àwọn olóṣèlú ń lò báyìí tún gba orí rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, bí ọmọ Ìlá àti ọmọ Òmù-Àrán bá jọ ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìpín tí wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́.