Sányán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọ̀ ni sányán. Òwú ni. Ó ń wá láti ara ilé tí ọmọ àfòpiná kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Anaphe máa ń para pọ̀ hun sórí igi nínú igbó. Wọ́n á ká ilé náà, wọ́n á sè é nínú omi eérú títí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yóò fi yọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó fi ìrànwú ran án. Kò sí aró níbẹ̀ rárá: àwọ̀ ilẹ̀ ni ó bá wáyé.

Lónìí, aṣọ òkè aláwọ̀ ilẹ̀ èyíkéyìí ni wọ́n ń tà ní sányán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pọliẹ́sítà tí a ṣe láti ara epo rọ̀bì ni. Pọliẹ́sítà fúyẹ́, ó lágbára, omi kì í pẹ́ gbẹ lára rẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kì í fa òógùn bíi sányán, kò sì yẹ kó jogún orúkọ náà.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, kó ṣáná sí i. Sányán yóò rùn bí irun tó jóná, nítorí purotéènì ni àwọn méjèèjì. Eérú rẹ̀ yóò sì rún mọ́ni lọ́wọ́. Pọliẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle.